John Bosco, Ọ̀rẹ́ Àwọn Ọmọ Ìgboro

Ẹni tí ó bá dúró lábẹ́ afárá Dópẹ́mú ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, ní ọjọ́ tí ilé-ìwé ṣí, yóò rí ohun tí kò yẹ kí ojú rí. Àwọn ọmọ tí ó yẹ kí wọ́n jókòó níwájú olùkọ́ ni yóò rí tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ láti ta omi tútù àti gúgúrù. Òmíràn rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ akérò, ó ń pe èrò Ìyànà Ìpájà. Òmíràn sì wọ aṣọ ilé-ìwé jáde kúrò nílé, ṣùgbọ́n kò dé ọgbà ilé-ìwé. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkẹjà, kí ọdún 1960 tó pé, ni àwọn ènìyàn ti ń wọ́ wá sí Agége, Dópẹ́mú àti agbègbè wọn láti wá iṣẹ́. Bàbá a máa jáde lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá a sì gba ọjà lọ. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ọmọ dé ilé-ìwé tàbí kò dé ibẹ̀. Òfin ọdún 2004 ti sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di dandan àti ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ọwọ́ tí ó lè fi di ọwọ́ ọmọ mú. Ènìyàn ní í ṣe èyí.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tiwa nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun titun. Ó lé ní ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Turin, ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Ítálì, nígbà tí ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó dìde láti wá nǹkan ṣe sí i ni John Bosco, ọmọ àgbẹ̀ tí ó di àlùfáà ìjọ Àgùdà. Ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ ni a óò sọ níhìn-ín.

A bí John Bosco ní ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ, ọdún 1815, ní abúlé Becchi ní agbègbè Piedmont, ní apá àríwá ilẹ̀ tí à ń pè ní Ítálì lónìí. Aláìní ni àwọn òbí rẹ̀. Kò tí ì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí òtútù àyà pa Francesco, bàbá rẹ̀. Margherita, ìyá rẹ̀, ẹni tí kò mọ ìwé kà, ni ó kù tí ó ń tọ́ ọmọ mẹ́ta: Antonio, tí í ṣe ọmọ ìyàwó tí bàbá wọn kọ́kọ́ fẹ́, Giuseppe, àti John tí í ṣe àbíkẹ́yìn. Iṣẹ́ oko àti àdúrà ni obìnrin yìí fi tọ́ wọn. Kì í gbà wọ́n láyè láti ya ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó fi ń tún ìwà wọn ṣe ju pàṣán lọ.

Nígbà tí John tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó lá àlá kan tí kò gbàgbé títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ láàrin ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tí ń jà tí wọ́n sì ń búra èké. Ó kó ẹ̀ṣẹ́ bò wọ́n kí wọ́n lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ ń tàn yọ sí i, ó sì sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ́ kọ́ ni yóò fi mú wọn, bí kò ṣe ìwà pẹ̀lẹ́ àti ìfẹ́. Nígbà tí ó ji, àwọn ará ilé rẹ̀ túmọ̀ àlá náà bí olúkúlùkù ti rí i. Ìyá àgbà ilé náà sì ní kò yẹ kí ènìyàn ka àlá sí. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí dé òpin yóò rí i pé gbogbo iṣẹ́ ayé Bosco ni a lè kà sí ìtumọ̀ àlá náà.

Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn onídán bá wá sí ọjà ìtòsí, John a tẹjú mọ́ wọn títí yóò fi mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Ó kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ rìn, bí a ti ń ju nǹkan sókè tí a ń gbà á, àti bí a ti ń rìn lórí okùn tí a so mọ́ igi méjì. Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọ abúlé a pé lé e lórí láti wòran. Owó kọ́ ni ó ń gbà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ìwàásù tí òun náà gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ni owó ìwòran. Báyìí ni ó ti mọ̀ láti kékeré pé ẹni tí yóò bá kọ́ ọmọdé ní ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí inú ọmọdé dùn sí.

Ẹ̀kọ́ ìwé kò rọrùn fún òun alára. Antonio, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò rí àǹfààní ìwé fún ọmọ àgbẹ̀. Ìjà ìwé sì pọ̀ nínú ilé tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá wọn fi rán John jáde ní 1828 láti lọ ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ lóko ẹlòmíràn. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà. Ó ń da màlúù, ó sì ń ka ìwé lẹ́yìn wọn. Ní 1829 ni ó bá àlùfáà arúgbó kan pàdé, tí à ń pè ní Calosso. Arúgbó yìí gbà á sọ́dọ̀, ó ń kọ́ ọ ní èdè Látìnì, ó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bí bàbá ti ń gbọ́ ti ọmọ. John kò tí ì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ó ti dáyé. Ṣùgbọ́n ní 1830 ni àìsàn òjijì pa Calosso, John sì di aláìnílẹ́yìn lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀fọ̀ yìí dùn ún púpọ̀. Lára rẹ̀ ni ó ti kọ́ ohun tí alágbàtọ́ jẹ́ fún ọmọ, àti bí ọmọ ti ń rí nígbà tí kò bá ní ọ̀kan.

Ní 1831 ni ó wọ ilé-ìwé ní ìlú Chieri. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ṣùgbọ́n àárín àwọn ọmọ kéékèèké ni a fi í sí. Ojú kò tì í. Ó kàwé tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba kíláàsì mẹ́ta kọjá láàrin ọdún kan. Kí ó tó lè rí owó oúnjẹ àti ti ilé tí ó ń gbé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń ta kọfí, ó sì ti fi ọwọ́ kan iṣẹ́ aránṣọ, ti alágbẹ̀dẹ àti ti gbẹ́nàgbẹ́nà. Kò mọ̀ nígbà náà pé gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí ni òun yóò lò. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 1841, a fi í jẹ àlùfáà ní Turin.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ wo bí Turin ti rí nígbà náà. Àwọn ọmọ ń ti abúlé wá láti wá iṣẹ́, òmíràn kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ. Wọ́n ń ru bíríkì fún àwọn tí ń kọ́lé, wọ́n ń gun inú ihò èéfín ilé láti gbá èédú rẹ̀ kúrò, wọ́n ń nu bàtà ní ìgboro. Ilé-ìwé kò sí lọ́kàn wọn. Àgbà àlùfáà kan, Joseph Cafasso, mú Bosco lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú náà. Ohun tí ó rí níbẹ̀ bà á lọ́kàn jẹ́: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara wọn le, tí ọpọlọ wọn jí pépé, ni kòkòrò ń jẹ nínú túbú. Ohun kan tún yà á lẹ́nu jù. Àwọn tí a dá sílẹ̀ a tún padà wá láìpẹ́. Nígbà tí ó wádìí, ó rí i pé bí wọ́n bá jáde, kò sí ẹnì kan tí ń dúró dè wọ́n. Ó wá rò ó pé ká ní wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan níta tí ó lè fẹ́ wọn, tí ó lè bá wọn wá iṣẹ́, tí ó sì lè kọ́ wọn ní ọjọ́ ìsinmi, ọ̀pọ̀ wọn kì bá tí rí ẹ̀wọ̀n rárá. Àwọn àgbà wa sọ pé igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Èrò kan náà ni Bosco fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀: kí a má dúró títí ọmọ yóò fi bàjẹ́ kí a tó wá a lọ.

Ọjọ́ 8, oṣù kejìlá, ọdún 1841 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Bosco ń múra láti ṣe Máàsì nígbà tí ó gbọ́ igbe. Olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń fi igi lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, nítorí pé ó yà wọ inú yàrá àwọn àlùfáà láìmọ bí a ti ń ṣe ìránṣẹ́ níbi pẹpẹ. Bosco ní kí ó lọ pe ọmọ náà padà, nítorí ọ̀rẹ́ òun ni. Bartolomeo Garelli ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ bíríkìlà ni ó ń ṣe, kò sì mọ ìwé kà tàbí kí ó kọ ọ́. Bosco bi í bóyá ó mọ orin kọ. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó wá bi í bóyá ó mọ bí a ti ń súfèé. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, Garelli kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dání wá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di ogún, tí wọ́n di ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n sì di ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba irú èrò bẹ́ẹ̀ sílé? Ariwo wọn pọ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ koríko onílé mọ́lẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ ni Bosco fi ń kó wọn láti ibì kan sí òmíràn, tí àwọn aládùúgbò ń lé wọn. Àwọn aláṣẹ ìlú fura sí i pé ó ń kó ọmọ ogun jọ ni. Àwọn àlùfáà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ a máa fi ẹ̀rín sọ ìtàn àwọn àlùfáà méjì tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́-ẹṣin wá láti fi ẹ̀tàn gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú wèrè. Bosco mọ ète wọn. Ó fi ọ̀wọ̀ ní kí àwọn àgbà kọ́kọ́ wọlé. Bí wọ́n ti jókòó, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó sì ní kí awakọ̀ máa sáré lọ. Àwọn méjèèjì ni a kó dé ilé wèrè.

Ní Àjíǹde ọdún 1846 ni wọ́n rí ibùjókòó, ní àdúgbò Valdocco. Ahéré kan tí òrùlé rẹ̀ kò ga ni, ó di dandan kí a gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ kí ènìyàn tó lè dúró nínú rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, àárẹ̀ dá Bosco wó, ó kù díẹ̀ kí ó kú. Àwọn ọmọ bíríkìlà àti ọmọ ilé-iṣẹ́ ń pín ara wọn láti gbàdúrà tọ̀sán-tòru, àwọn mìíràn sì ń gbààwẹ̀ lórí iṣẹ́ líle. Ó yè. Láti ọjọ́ náà ni ó ti sọ pé tiwọn ni ẹ̀mí òun. Nígbà tí ó padà dé ní oṣù kọkànlá, ìyá rẹ̀, tí ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, bá a wá láti Becchi. Obìnrin náà ta ohun ọ̀ṣọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ.

Kí a má rò pé gbogbo ohun tí ó dáwọ́ lé ni ó yọrí sí rere lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ kan tí ó kọ́kọ́ gbà láti sùn nínú ilé rẹ̀ jí aṣọ ìbora gbé sá lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹlòmíràn ì bá ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bosco kò tì í. Ní 1847 ni ó gba ọmọ aláìlóbìí kan tí òjò pa wọlé, òun ni ó sì ṣe àkọ́kọ́ àwọn tí ó gbé ibẹ̀ pẹ́.

Ọ̀nà tí ó gbà ṣiṣẹ́ yẹ fún àkíyèsí. Ó mọ̀ pé ebi kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ lè wá sí ilé-ìwé ní ọ̀sán. Nítorí náà ó dá ilé-ìwé alẹ́ àti ti ọjọ́ Àìkú sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa lo ìwọ̀n titun ti mítà àti kílógíráàmù láti 1850, ó tètè kọ ìwé pẹlẹbẹ ní 1849 láti fi kọ́ àwọn ọmọ náà kí a má bàa rẹ́ wọn jẹ. Láàrin ọ̀sẹ̀, kì í dúró dè wọ́n nílé. A lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ru bíríkì, a bi ọ̀gá wọn léèrè nípa ìwà wọn, a sì bi àwọn ọmọ léèrè nípa ìwà ọ̀gá. Bí ọmọ kan kò bá wá ní ọjọ́ Àìkú, Bosco yóò mọ̀, yóò sì wá a dé ibi tí ó wà. Ọ̀tọ̀ ni kí a kọ orúkọ ọmọ tí kò wá sínú ìwé, ọ̀tọ̀ ni kí a wá a lọ.

Ó tún rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń fìyà jẹ ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́. Láti 1851 sí 1852 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé àdéhùn láàrin ọ̀gá, ọmọ àti òbí, tí òun alára sì ń fọwọ́ sí i. Ìwé náà sọ pé iṣẹ́ tí ọmọ wá kọ́ nìkan ni kí a kọ́ ọ, kí a má fi í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ ilé. Pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí a fi bá a wí, kì í ṣe ìlù. Pé kí a fún un ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ti ń gba ọmọ síṣẹ́ ní ìlú yín yóò mọ bí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti níye lórí tó. Láti 1853 ni ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀: aránbàtà àti aránṣọ ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìdìwé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iṣẹ́ igi, ìtẹ̀wé àti iṣẹ́ irin.

Ìlú Turin rí èso iṣẹ́ yìí ní 1854. Àrùn onígbá-méjì bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn súnmọ́ aláìsàn. Àwọn ọmọ Bosco tí wọ́n lé ní ogójì fi ara wọn sílẹ̀ láti tọ́jú wọn, láti gbé wọn àti láti wá aṣọ fún wọn. Kò sí ọ̀kan tí ó kú nínú wọn. Àwọn tí ìlú ń pè ní ìpáǹle ni ó wá di olùrànlọ́wọ́ ìlú.

Ìtàn Michael Rua pẹ̀lú yẹ ní sísọ. Ọmọ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ni, a bí i ní Turin ní 1837, bàbá rẹ̀ sì kú ní 1845 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kan tí Bosco ń pín nǹkan fún àwọn ọmọ, ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kí ó tó kan Rua. Bosco na ọwọ́ òsì sí i, ó sì fi ọ̀tún ṣe bí ẹni tí ń gé e sí méjì. Kò yé ọmọ náà. Ọjọ́ pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé ohun tí Bosco ń wí ni pé ohun gbogbo ni àwọn méjèèjì yóò jọ pín dọ́gbadọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ní ọjọ́ 18, oṣù kejìlá, ọdún 1859, Rua wà nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá Bosco dá ẹgbẹ́ Salesian sílẹ̀. Ní 1872, pẹ̀lú Maria Mazzarello, a dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn ọmọbìnrin. Ní 1875 ni a rán àwọn àkọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ Argentina.

Ní 1877 ni Bosco kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó dúró lé: làákàyè, ẹ̀sìn àti ìfẹ́. Ó ní kí olùkọ́ má ṣe jókòó sórí àga nìkan, kí ó wà láàrin àwọn ọmọ ní pápá ìṣeré. Kí ó ṣàlàyé òfin kí ó tó béèrè ìgbọràn. Kí ó sì yẹra fún ìyà tí ń dójú ti ni. Kò tó kí a fẹ́ràn ọmọ nínú ọkàn wa. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a fẹ́ràn òun. Èyí kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kí a fi ọ̀tún fà á mọ́ra.

John Bosco kú ní Turin ní ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 1888, ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Rua, ọmọ òṣìṣẹ́ nì, ni ó jókòó sórí àga rẹ̀. Ní 1934 ni ìjọ Àgùdà kà á kún àwọn ẹni mímọ́. Ní 1982 àwọn Salesian dé ilẹ̀ wa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́.

Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Bosco kò ní owó nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ilé. Ohun tí ó ní ni àkókò àti etí tí ń gbọ́. Ọmọ tí ń sá kúrò ní ilé-ìwé kì í sábà jẹ́ ọmọ burúkú. Ó lè jẹ́ pé ebi ń pa á, ó lè jẹ́ pé ojú ń tì í nítorí ìwé tí kò ní, tàbí pé ẹ̀kọ́ ti ré e kọjá tí kò rí ẹni bi léèrè. Pàṣán lè dá a padà fún ọjọ́ kan. Ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀ tí ó sì ń retí rẹ̀ ni yóò mú un dúró. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe arúgbó nìkan ni à ń pè ní àgbà. Ẹni tí ó wà ní kíláàsì karùn-ún, àgbà ni fún ẹni tí ó wà ní kíláàsì kìíní. Bí àga ẹnì kan bá ṣófo ní kíláàsì yín ní ọ̀la, kí ọ̀kan nínú yín béèrè ilé rẹ̀, kí ó sì lọ wò ó.